Bí ekòló inú ìkòkò ṣe lè la ẹ̀ẹ̀rùn já

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé ní Ìsọ̀kùn ní Iléṣà, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi:

"Ìkòkò ike mẹ́rìnlá ni mo ní níwájú ilé, lórí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Ata rodo, tòmátì, ẹfinrin àti ewédú ni mo gbìn sínú wọn. Ní àkókò òjò tó kọjá, mo kó ekòló láti oko kòkó wa, mo pín wọn sínú àwọn ìkòkò náà, inú mi sì dùn nígbà tí mo rí i pé ilẹ̀ wọn rọ̀, ewé wọn sì dúdú minimini. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oṣù Èrèlè ti wọlé, òkú ekòló ni mò ń gbá láràárọ̀. Àwọn mìíràn ti gbẹ mọ́ sìmẹ́ǹtì bí okùn bàtà. Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin wọ́n ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú jù. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n máa fi yìnyín lé ilẹ̀ inú ìkòkò, kí n sì wá irú ekòló pupa tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wọn. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa, ẹ sì kú ooru àsìkò yìí. Ó dùn mí láti gbọ́ nípa òkú ekòló tí ẹ ń gbá, nítorí ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ tí ẹ̀dá kékeré yìí ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀ kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wo ikú rẹ̀. Kì í ṣe àìtọ́jú ló pa wọ́n. Ibi tí ẹ fi wọ́n sí, àti wákàtí tí ẹ ń bomi rin wọ́n, ni kò jẹ́ kí ìtọ́jú yín ṣe wọ́n láǹfààní.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Nínú oko kòkó tí ẹ ti kó wọn wá, bí oòrùn bá ti ń mú tí òkè ilẹ̀ sì ń gbẹ, ekòló kò ní dúró de ikú níbẹ̀. Yóò máa wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ọ̀rinrin ṣì wà, tí ooru ọ̀sán kì í dé. Òmíràn a ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká sínú ihò kékeré kan tó ti fi omi yíyọ̀ ara rẹ̀ rẹ́ yíká, a sì sùn síbẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ oko ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kó má rí ekòló kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìgbẹ́ wọn a tún kún orí ilẹ̀. Ilẹ̀ ló lanu fún wọn. Ilẹ̀ inú ìkòkò kò ní ẹnu tí yóò là. Bí ekòló bá wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ó ti kan ìdí ike, sìmẹ́ǹtì gbígbóná ló sì wà lábẹ́ ike náà. Bó bá yà sí ẹ̀gbẹ́, ara ìkòkò tí oòrùn ń nà ni yóò fi orí sọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ju pé kí ẹ wá ibi ìsásí fún un lọ.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé awọ ara ni ekòló fi ń mí. Kò ní imú, kò sì ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ rẹ̀ ni atẹ́gùn inú ilẹ̀ ń gbà wọlé, kò sì lè wọlé àfi bí awọ náà bá tutù. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, kò ní lè mí mọ́. Bí omi bá sì kún inú ilẹ̀ ìkòkò jù, pàápàá omi gbígbóná, tí kì í gba atẹ́gùn mọ́ra tó omi tútù, kò ní lè mí níbẹ̀ náà. Nítorí èyí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún ekòló tó wà nínú ìkòkò tó gbóná tó sì tún kún fún omi: yóò dúró di alẹ́, yóò gba òkè tàbí ihò ìdí ìkòkò jáde, yóò máa wá ilẹ̀ mìíràn kiri lórí sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá a níbẹ̀. Àwọn tí ẹ ń gbá láràárọ̀ nìyẹn. Ikú inú ìkòkò ni wọ́n ń sá fún.

Ní ti ekòló pupa tí ọmọ yín mẹ́nu bà, ìmọ̀ràn náà dára fún ibi tí òun wà, kò dára fún Iléṣà. Eisenia fetida ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilẹ̀ tútù ló mọ̀, láàárín 15 sí 25°C ni ara rẹ̀ sì ti máa ń yá jù. Inú ooru tiwa ni wọ́n bí àwọn tí ẹ kó láti oko yín sí. Ọ̀kan lára irú ekòló tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa ni Eudrilus eugeniae, tó jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gan-an ni orírun rẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Éṣíà náà sì ti ń sìn báyìí fún ìgbẹ́ rẹ̀. Láàárín 25 sí 30°C ló ti ń ṣe dáadáa jù. Òmíràn ni Hyperiodrilus africanus, tí ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń dúró ṣóńṣó lórí ilẹ̀ ní àkókò òjò, tí àwọn ọmọdé sì máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fọ́ bí wọ́n bá ń kọjá lọ. Ẹ má náwó lórí ekòló àjèjì. Èyí tí ẹ ní ló mọ ilẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ìfaradà tirẹ̀ náà mọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń kọjá 35°C, Eudrilus pàápàá yóò máa kú. Ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀, ooru ọ̀sán oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà a máa tó nǹkan bí 33 sí 35°C lábẹ́ ibòji, èyí tó fi hàn pé etí bèbè ni ekòló wà kí oòrùn tó kan ìkòkò rárá. Ìkòkò ike dúdú tàbí ọ̀rá dúdú tó wà nínú oòrùn gangan lórí sìmẹ́ǹtì lè mú kí ilẹ̀ tó wà létí rẹ̀ gbóná kọjá 40°C. Yìnyín kò lè tún èyí ṣe. Ojú kan ló máa tutù fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ bá gbé e lé, gbòǹgbò ata tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ní fẹ́ òtútù òjijì náà, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ìkòkò, níbi tí ooru ti ń wọlé, ṣì ń gbóná bó ṣe ń gbóná.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa omi, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú. Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ní ibi tí mo ti ń tọ́jú irúgbìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Oǹdó ní Ilé-Ifẹ̀, mo bomi rin àwọn ọmọ ọsàn tó wà nínú ọ̀rá dúdú ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nítorí pé ewé wọn ti rọ, àánú wọn sì ṣe mí. Họ́ọ̀sì tí mo lò ti wà nílẹ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀. Omi tó kọ́kọ́ jáde ta sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì yọ ẹsẹ̀ kúrò kíá nítorí pé ó gbóná, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn pé ohun tó lé ẹsẹ̀ mi ni mò ń dà sórí ẹ̀dá tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tèmi lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ọ̀bẹ la ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá náà láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ekòló inú rẹ̀ ti kóra jọ sí ìdí, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn yí ihò kan tó wà níbẹ̀ ká, àwọ̀ wọn ti ṣì, ara wọn ti rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Ọ̀kan ti yọ orí jáde láti inú ihò náà. Orí yẹn ti gbẹ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bomi rin ohunkóhun ní ọ̀sán lọ́dọ̀ mi.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ máa bomi rin wọ́n ní kùtùkùtù, kí aago méje tó lù. Omi kànga ló dára jù, nítorí pé inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, ó sì ń mú òtútù ilẹ̀ bọ̀. Bó bá jẹ́ omi táǹkì dúdú tó wà lókè ni ẹ ń lò, omi àárọ̀ rẹ̀ ti tutù ní òru. Bó bá sì jẹ́ họ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ da omi tó ti sùn sínú rẹ̀ nù. Àwọn kan fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé bí ilẹ̀ bá tutù rinrin ní alẹ́, ekòló a máa jáde rìn kiri, ìrìnkiri lórí sìmẹ́ǹtì kì í sì í bí ọmọ rere. Bí ìkòkò kan bá ti gbẹ jù kí alẹ́ tó lẹ́, ẹ bu omi díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, kì í ṣe púpọ̀. Kí ẹ tó bomi rárá, ẹ ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ náà dé oríkèé ìka kejì, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ sì fún un. Bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tó. Bó bá ń ṣàn láàárín ìka yín, ó ti pọ̀ jù. Bó bá tú ká bí gaàrí, ẹ ti pẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù ni ọ̀rọ̀ ara ìkòkò. Gbogbo ẹni tó dàgbà nílé tí àmù wà mọ̀ pé omi àmù máa ń tutù láìsí ẹ̀rọ kankan. Ohun tó ń mú un tutù ni pé omi ń gba ara amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bí afẹ́fẹ́ sì ṣe ń gbé e lọ ló ń mú ooru kúrò lára àmù náà. Ìkòkò amọ̀ tí wọn kò fi ọ̀dà kùn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ inú rẹ̀. Ike kì í ṣe é. Ìpetumodù kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń mọ ìkòkò títí di òní, nítorí náà ẹ lè rí ìkòkò ńlá rà, kí ẹ ní kí wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ rántí pé ohun tó ń mú un tutù náà ló ń mú un tètè gbẹ, ẹ ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ gbé ìkòkò tí ohun ọ̀gbìn wà nínú rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ tó tóbi jù ú lọ, kí ẹ da yanrìn sí àárín méjèèjì, kí ẹ sì máa fi omi rẹ yanrìn náà láràárọ̀. Ìkòkò ti òde náà gbọ́dọ̀ ní ihò ní ìdí, kí omi má baà dúró. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, fi ìkòkò méjì àti yanrìn tútù báyìí ṣe ohun tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò fi ń tọ́jú ẹ̀fọ́ kó má tètè bàjẹ́, èyí ló sì mú kó gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ohun tó ń mú tòmátì pẹ́ nínú ìkòkò yẹn lè mú kí ekòló pẹ́ nínú tiyín. Ó máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ìyẹn ìgbà ọyẹ́ àti gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó bọ́ sí àkókò tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an.

Èyí tí kò ní ná yín ní nǹkan ni àpò kòkó. Mo mọ̀ pé kò lè wọ́n nílé yín. Ẹ gé àpò ọ̀gbọ̀ tó ti gbó, ẹ wé e mọ́ ara ìkòkò ike láti ọrùn dé ìdí, ẹ fi okùn dì í, kí ẹ sì wọ́n omi sí i ní àárọ̀ àti ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Àpò náà ò ní jẹ́ kí oòrùn kan ike, omi ara rẹ̀ yóò sì máa gbé ooru lọ bí ti àmù. Ike dúdú tí ẹ kò bá rí àpò wé mọ́, ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún lára. Àpò ìrẹsì oníke kò lè ṣe iṣẹ́ àpò ọ̀gbọ̀, nítorí kì í mu omi.

Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni ìkòkò yín, ohun tí mo máa ṣe kí gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ni pé màá wá ibi tí kò ní sìmẹ́ǹtì nínú ọgbà ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná, màá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, màá sì ri ìkòkò ńláńlá sínú rẹ̀ dé ìlàjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó rì í, màá fẹ ihò ìdí rẹ̀ kó lè gba ìka méjì. Nígbà náà ni ilẹ̀ yóò tún lanu fún ekòló: bí ooru bá mú, yóò gba ihò náà sọ̀kalẹ̀ lọ, bí ẹ bá bomi rin ìkòkò ní àárọ̀, yóò gòkè padà wá jẹun. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ nínú wọn sí inú ọgbà, ṣùgbọ́n ọgbà yín náà ni.

Àwọn tí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ gbé wọn lé búlọ́ọ̀kù tàbí pákó, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọn kọjá. Ẹ kó wọn jọ kí wọ́n lè ṣíji bo ara wọn, kí àwọn ńlá wà níta, kí àwọn kékeré wà láàárín. Láti oṣù Bélú títí di oṣù Ẹrẹ́nà, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí àríwá ló ní ibòji jù. Ẹ sá fún ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn àárọ̀ ti tó ata àti tòmátì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ lára ògiri yẹn ni yóò se ilẹ̀ inú ìkòkò jinná. Kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo orí ilẹ̀ inú ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin ní gígùn sókè. Ewé kòkó dára, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ dára, koríko tí kò tíì so dára. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí igi ata kó má baà jẹrà. Ewé yìí ni òrùlé ekòló, òun náà sì ni oúnjẹ rẹ̀.

Nípa oúnjẹ, ẹ má fún wọn ní púpọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ohun tó bá ń jẹrà máa ń mú ooru jáde. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́sẹ̀, ti tó ìkòkò ńlá kan. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀: ó máa ń gbóná, òórùn rẹ̀ tó ń ta èèyàn nímú náà sì máa ń pa ekòló. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró nínú, ẹ jẹ́ kó gbẹ kó sì jẹrà lọ́tọ̀ ná. Eérú, pàápàá eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, le jù fún awọ wọn. Iyọ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó jẹ́ lára ekòló. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ yọ́ díẹ̀ sínú omi púpọ̀. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń wọ́n sí ilẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù, àwọn tó ní carbofuran nínú pàápàá, nítorí ikú ni fún ekòló. Bí èèrà bá ń wọ inú ìkòkò, ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ jù. Ẹ bomi sí i dáadáa, kí ẹ sì gbé búlọ́ọ̀kù tó wà lábẹ́ rẹ̀ sínú abọ́ omi.

Àwọn ìkòkò kéékèèké, ìyẹn èyí tí kò tó bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10, n kò rí ìdí tí ekòló fi gbọ́dọ̀ gbé inú wọn láàárín Èrèlè sí Igbe. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá tí ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kò ní gbóná. Ẹ kó ti inú wọn jáde ní àárọ̀, kí ẹ gbẹ́ kòtò kan tó jìn dé orúnkún sí abẹ́ igi tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí omi ọṣẹ kì í ṣàn sí, kí ẹ tẹ́ ewé jíjẹrà àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ kó wọn síbẹ̀, kí ẹ sì fi ewé bò wọ́n. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún fún omi, ó sì máa ń mú kí ibẹ̀ tutù fún ọjọ́ púpọ̀. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n bá ṣe nínú kòtò yẹn ni ẹ ó máa bù sí ìdí ewédú àti ẹfinrin yín. Ohun ọ̀gbìn náà yóò jẹ èrè ekòló láìjẹ́ pé ekòló ń jìyà nítorí rẹ̀. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ nínú oṣù Igbe, ẹ lè mú márùn-ún tàbí mẹ́fà padà sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ inú ìkòkò tí ekòló rẹ̀ ti kú tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ tú u sórí ọ̀rá lábẹ́ ibòji, kí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Bí ẹ bá rí ohun kan tó dà bí hóró ọkà bàbà, tó pọ́n rúsúrúsú, tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ẹyin ekòló ni. Ẹ bò wọ́n padà sínú ilẹ̀ náà, kí ẹ kó o sínú ìkòkò amọ̀ kan ní ibi tútù, kí ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ẹ ṣí ewé orí rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó rí àwọn ọmọ wọn, tínrín bí òwú ìránṣọ, funfun, tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtipadà sísàlẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó bá wọn.